Ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín, orúnkún rẹ̀ yẹ̀: ṣé narcolepsy ni, irú wo sì ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ọmọ mi obìnrin pé ọmọ ọdún 15, SS2 ló wà, Ìbàdàn la sì ń gbé. Ó ti tó ọdún kan àbọ̀ báyìí tí oorun ti ń gbé e lọ níbi tí kò yẹ: nínú kíláàsì, nínú mọ́tò, kódà nígbà tí oúnjẹ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Tí nǹkan bá pa á lẹ́rìn-ín, orúnkún rẹ̀ a yẹ̀, a sì jókòó sílẹ̀ pẹ̀ẹ̀. Lóru, a ní òun rí ọkùnrin kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, òun fẹ́ kígbe, ohùn ò jáde. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ogun òru ni. Ilé ìwòsàn kan ní wárápá ni, wọ́n fún un ní oògùn, kò sí ìyàtọ̀. Àbúrò mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú òyìnbó ní narcolepsy ni, ó ní oríṣiríṣi ló wà. Kí ni nǹkan ọ̀hún? Irú wo ni ti ọmọ mi? Ṣé ó máa lọ?

Ìdáhùn:

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì, gbólóhùn kan nínú rẹ̀ ni ojú mi sì dúró lé: "tí nǹkan bá pa á lẹ́rìn-ín, orúnkún rẹ̀ a yẹ̀." Ẹ sọ ọ́ gba ẹ̀gbẹ́ kan kọjá bí ọ̀rọ̀ kékeré. Lójú tèmi, òun gan-an ni orí ọ̀rọ̀. Ohun tó lè mú ènìyàn sùn jù pọ̀ lọ jàra. Ṣùgbọ́n àìsàn tí ẹ̀rín á fi mú orúnkún ènìyàn yẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ là kedere, tí etí rẹ̀ ń gbọ́ gbogbo ohun tí à ń sọ, kò pọ̀ rárá. Mi ò lè jókòó síbí kí n sọ pé báyìí ló ń ṣe ọmọ tí mi ò tíì fojú rí. Àmọ́ àbúrò yín mọ ohun tó ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú nǹkan kan kúrò lọ́nà. Àwọn àgbà ní ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. Ojú apirọrọ ni wọ́n á ti máa fi wo ọmọ yín nílé ìwé: ọ̀lẹ ni, fóònù ló ń tẹ̀ mọ́jú. Nínú àwọn alárùn yìí tí mo ti tọ́jú, ó ṣọ̀wọ́n kí n rí ẹni tí wọn ò tíì nà nítorí oorun kí wọ́n tó gbé e wá bá mi. Kódà ní ìlú tí ẹ̀rọ àyẹ̀wò pọ̀ sí, láti ọjọ́ tí àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀ títí di ọjọ́ tí dókítà máa mọ orúkọ rẹ̀ sábà máa ń tó ọdún 8 sí 15. Ọdún kan àbọ̀ tiyín ò tíì pẹ́ jù.

Àìsàn náà kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1880, dókítà ará Faransé kan, Jean-Baptiste-Édouard Gélineau, kọ̀wé nípa ọkùnrin ẹni ọdún 38 kan tó ń ta àgbá wáìnì. Oorun a máa gbé ọkùnrin yìí tó ìgbà 200 lóòjọ́. Bó bá rẹ́rìn-ín, tàbí tó rí i pé ọjà fẹ́ tà dáadáa lọ́wọ́ òun, ẹsẹ̀ rẹ̀ á rọ. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì ni Gélineau so pọ̀ fi sọ àìsàn náà lórúkọ: ara tó kú tipiri, àti kí nǹkan gbá ènìyàn mú. Kò jìnnà sí bí àwa náà ṣe ń sọ ọ́. Yorùbá kì í sọ pé ènìyàn gbé oorun. Oorun ló ń gbé ènìyàn lọ.

Ohun tó máa ń ya àwọn òbí lẹ́nu ni pé ẹni tó ní narcolepsy kì í fi bẹ́ẹ̀ sùn ju ẹlòmíràn lọ. Ẹ ṣírò oorun ọ̀sán pọ̀ mọ́ ti òru fún wákàtí 24, ẹ máa rí i pé iye rẹ̀ kò jìnnà sí ti ẹni tí ara rẹ̀ dá. Oorun ọ̀hún ló já sí wẹ́wẹ́, tí kò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru mọ́. Á máa tòògbé lójú ọ̀sán, á tún máa jí ní gbogbo ìgbà lóru. Tí ẹ bá ti ń rí ọmọ yín tó jí kalẹ̀ ní aago 2 òru, tí ẹ wá ń sọ pé àìsùn òru ló fa oorun kíláàsì, kì í ṣe pé ọ̀kan bí èkejì. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ẹ ronú nípa change-over tó wà lára ògiri ilé, èyí tó ń gbé iná kúrò lórí NEPA sórí jẹnẹrétọ̀. Tó bá dáa, òkè ló máa wà tàbí ìsàlẹ̀, kì í dúró sí agbedeméjì. Ọpọlọ wa náà ní irú rẹ̀: ojú lílà lápá kan, oorun lápá kejì. Èròjà kan wà nínú ọpọlọ tó ń jẹ́ orexin, òun ló máa ń di ọwọ́ change-over yìí mú sí apá ojú lílà, kó má baà ṣàdédé já wálẹ̀. Níbi tí orexin kò bá sí, ọwọ́ náà á máa mì jẹ́jẹ́jẹ́, ohun kékeré báyìí ló ń fẹ́ kó tó yí.

Oríṣi oorun sì wà. Ọ̀kan nínú wọn ni oorun àlá, tí àwọn dókítà ń pè ní REM. Tí a bá wà nínú rẹ̀, ọpọlọ a máa de ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wa, kí a má baà dìde máa sáré nínú yàrá nítorí pé ajá ń lé wa lójú àlá. Ẹni tí ara rẹ̀ dá máa ń sùn tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 90 kó tó dé ibẹ̀. Ẹni tó ní narcolepsy lè ti wà níbẹ̀ kí ìṣẹ́jú 15 tó pé. Ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí ẹ kà fún mi ti ṣẹ̀ wá. Ìdè oorun àlá tó ṣì ọ̀nà, tó wá de ènìyàn nígbà tí kò tíì sùn, ni orúnkún tó ń yẹ̀ yẹn. Cataplexy lorúkọ rẹ̀. Ìdè kan náà tí kò tètè tú nígbà tí ọmọ jí, òun ni ohùn tí kò jáde. Ọkùnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, àlá ni, ó kàn bẹ̀rẹ̀ kí ojú tó pa dé ni.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí cataplexy, torí òun ló máa sọ irú èyí tó jẹ́ fún wa. Àwọn ènìyàn rò pé dandan ni kí ènìyàn ṣubú lulẹ̀ kó tó jẹ́ òun. Rárá o. Ó lè jẹ́ pé ìpéǹpéjú ló máa wálẹ̀, tàbí kí orí tẹ̀ síwájú, kí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rọ, kí ọ̀rọ̀ máa lọ́ lẹ́nu, kí ife já bọ́ lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni, ó ṣọ̀wọ́n kó kọjá ìṣẹ́jú 2. Ọ̀tún àti òsì ló máa ń kàn pọ̀. Ẹni náà kò dákú. Bí ẹ bá béèrè ohun tí ẹ sọ nígbà tó wà nílẹ̀, á tún un sọ fún yín. Ẹ̀rín ló máa ń fà á jù lọ, pàápàá ẹ̀rín tó bá ènìyàn lójijì, àmọ́ ìdùnnú pé a gba góòlù wọlé lè fà á, kí a pàdé ọ̀rẹ́ tí a ti rí tipẹ́ náà lè fà á, ìbínú náà lè fà á nígbà mìíràn. Mo mọ ọ̀dọ́kùnrin kan tó mọ àwàdà ṣe púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í lè parí ọ̀kankan. Bó bá ti kù díẹ̀ kó dé ibi tí ẹ̀rín wà, àgbọ̀n tirẹ̀ á kọ́kọ́ rọ, àwọn tó ń gbọ́ ọ kò sì ní mọ ibi tí ìtàn náà parí sí. Ohun tó ń dùn mí jù nínú àìsàn yìí nìyí: àwọn kan á kọ́ bí a kì í ṣeé rẹ́rìn-ín. Ẹ wo ọmọ yín dáadáa. Ṣé ó ti ń yẹra fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó máa ń pa á lẹ́rìn-ín?

Lára ọmọdé ó tún lè yàtọ̀. Ojú ọmọ lè dẹ̀, kí ahọ́n yọ síta díẹ̀, bí ẹni tó mutí yó, láìsí ẹ̀rín kankan. Òmíràn tún máa ń ṣàdédé sanra láàárín oṣù mélòó kan tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀. Tí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀ sí tiyín, ẹ sọ fún dókítà, ẹ má ṣe rò pé kò kan ọ̀rọ̀.

Ajá ló jẹ́ kí ayé mọ orísun rẹ̀. Ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, wọ́n sin àwọn ajá Doberman kan fún ọ̀pọ̀ ọdún tó jẹ́ pé tí wọ́n bá gbé oúnjẹ aládùn síwájú wọn, ìdùnnú á mú wọn, ẹsẹ̀ wọn á sì rọ gbẹdẹ. Ní ọdún 1998, ẹgbẹ́ onímọ̀ méjì, tí ẹnìkan kò bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀, rí èròjà kan náà nínú ọpọlọ. Àwọn kan pè é ní hypocretin. Àwọn kejì, tí Masashi Yanagisawa àti Takeshi Sakurai wà láàárín wọn, pè é ní orexin. Orúkọ méjèèjì ló ń jẹ́ títí dòní, nítorí náà tí ẹ bá rí i lára èsì àyẹ̀wò, ẹ má jẹ́ kó dà yín rú. Lọ́dún 1999, Emmanuel Mignot àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Stanford rí i pé ohun tó yẹ kó gba orexin nínú ọpọlọ àwọn ajá yẹn ló bàjẹ́. Nígbà tó fi di ọdún 2000, wọ́n ti wo ọpọlọ àwọn alárùn narcolepsy tó ti kú. Sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè orexin lára ẹni tí ara rẹ̀ dá jẹ́ nǹkan bí 70,000, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú bílíọ̀nù bíi 86 tó wà nínú ọpọlọ. Lára àwọn alárùn wọ̀nyí, nǹkan bí 85 sí 95 nínú 100 sẹ́ẹ̀lì náà ló ti pòórá.

Irú kìíní nìyẹn: narcolepsy tí orexin ti tán nínú rẹ̀. Àmì rẹ̀ tó hàn síta ni cataplexy. Èyí tó wà nínú ni kí wọ́n fa omi ọ̀pá ẹ̀yìn, kí wọ́n wá rí i pé ìwọ̀n orexin inú rẹ̀ kò ju 110 lọ, lórí òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ àyẹ̀wò ń lò. Ìyá wa, bó bá jẹ́ pé bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe orúnkún ọmọ yìí ló rí, irú kìíní yìí ni ọkàn mi ń lọ sí.

Kí ló pa àwọn sẹ́ẹ̀lì náà? Gbogbo ohun tí a rí ló ń tọ́ka sí àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn, àwọn tó yẹ kó máa bá kòkòrò jà, tí wọ́n wá ṣi ìbọn yìn sí ará ilé. Ó ju ẹni 9 lọ nínú ẹni 10 tó ní irú kìíní tó gbé àmì àjogúnbá kan tí wọ́n ń pè ní HLA-DQB1*06:02 sára. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn tí oorun kò dà láàmú rí náà gbé àmì yìí kiri, nítorí náà kì í ṣe òun nìkan ló ń fà á. Ó dà bíi pé ó ń dúró de àìsàn kan tó máa tanná ràn án. Bó bá jẹ́ pé àwọn àbúrò ọmọ yìí ni ẹ̀ ń bẹ̀rù fún, ẹ fọkàn balẹ̀: nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ìyá tàbí ọmọ bíbí ẹni tó ní i, ẹnìkan sí ẹni méjì péré ni yóò ní i pẹ̀lú.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa fi ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, ẹ jẹ́ kí n yáa sọ ọ́. Òótọ́ wà níbẹ̀, wọ́n kàn gé e kù ni. Nígbà tí àìsàn flu H1N1 gba ayé kan ní 2009 sí 2010, wọ́n fún àwọn ọmọdé ní Finland àti Sweden ní abẹ́rẹ́ kan tó ń jẹ́ Pandemrix, narcolepsy sì pọ̀ sí i láàárín wọn lẹ́yìn náà. Wọn ò lo abẹ́rẹ́ yẹn mọ́. Ṣùgbọ́n ní Beijing, àìsàn náà pọ̀ sí i lákòókò kan náà láàárín àwọn tó jẹ́ pé púpọ̀ nínú wọn kò gba abẹ́rẹ́ kankan. Flu fúnra rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ fura sí. Ẹni tó bá ní kí ẹ má fún ọmọ ní àjẹsára mọ́, ẹ bi í léèrè ọ̀rọ̀ Beijing.

Irú kejì ló máa ń dààmú àwa dókítà. Oorun ọ̀sán wà níbẹ̀, àlá tó ń tètè dé wà níbẹ̀, ogun òru lè wà níbẹ̀, àmọ́ kò sí cataplexy, orexin kò sì dín, tàbí kí ó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò tíì wọ̀n ọ́n. Kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà sọ ohun tó ń fà á. Inú àpò yìí la kó oríṣiríṣi ènìyàn sí. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí cataplexy wọn máa yọjú lẹ́yìn ọdún díẹ̀, tí wọ́n á sì bọ́ sí irú kìíní. Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé tí a bá tún àyẹ̀wò wọn ṣe, kò ní jọ ti àkọ́kọ́ rárá. Àwọn mìíràn, kí n má purọ́, kò ní narcolepsy kankan: oorun ni wọ́n jẹ ní gbèsè. Ẹ mú ẹni tó ń gbé ní Mọ́wé tó ń jí ní aago 4 ìdájí kó lè dé ibi iṣẹ́ ní Èkó, tó ń wọlé ní aago 10 alẹ́, ẹ gbé e dé iwájú ẹ̀rọ àyẹ̀wò, ẹ̀rọ náà lè pè é ní alárùn. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi máa ń kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ní òun ní irú kejì pé wákàtí mélòó ló ń sùn lóru, kí n tó béèrè nǹkan mìíràn.

Ẹ̀yà kan tún wà tó jẹ́ pé nǹkan tó ba ọpọlọ jẹ́ ló fà á: kókó tó hù sí ìsàlẹ̀ ọpọlọ níbi tí orexin ti ń wá, orí tó fọ́ nínú ìjàm̀bá ọkọ̀, rọpárọsẹ̀, tàbí àwọn àìsàn mìíràn tí àwọn ọmọ ogun ara ń fà. Kò wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń ní orí fífọ́ tí kò lọ, tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, tàbí tó ti fi orí gbá nǹkan gidi rí, kí ẹ sọ ọ́ kí wọ́n lè ya àwòrán ọpọlọ. Ẹ má sì dàrú rẹ̀ pọ̀ mọ́ àìsàn oorun tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn, ó ní ibà àti orí fífọ́ tirẹ̀, ó sì máa ń pa ènìyàn tí wọn kò bá tọ́jú rẹ̀. Narcolepsy kì í ràn, kì í sì í pani bẹ́ẹ̀.

Ó ku ìdílé kejì, tí wọ́n ń pè ní idiopathic hypersomnia, tó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kì í ṣe òun. Àwọn kan á sùn wákàtí 11 kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á jí bí ẹni tó mu ògógóró, oorun ọ̀sán kò sì ní tù wọ́n lára bó ti wù kó gùn tó. Ẹ ṣàkíyèsí ìyàtọ̀ yẹn. Ẹni tó ní narcolepsy, tó bá sùn ìṣẹ́jú 20, ara rẹ̀ á yá gágá fún wákàtí kan tàbí méjì.

Nípa ogun òru. Mi ò ní bá pásítọ̀ yín jà. Ohun tí Yorùbá ń pè ní ogun òru, a rí i, a ò ṣe bí ẹni pé irọ́ ni. Àwọn dókítà àrùn ọpọlọ (psychiatrist) ti kọ ìwádìí jáde lórí rẹ̀ láti ọdún 2007, pẹ̀lú orúkọ Yorùbá rẹ̀ gan-an. Ara tó kú nígbà tí ojú là máa ń ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò ní àìsàn kankan, pàápàá ẹni tó fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn tàbí tí kò rí oorun sùn tó. Nítorí náà, òun nìkan kò fi hàn pé narcolepsy ni. Ìgbà tó bá kó pọ̀ mọ́ oorun ọ̀sán àti orúnkún tó ń yẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ máa gbàdúrà yín lọ. Ohun tí mi ò fẹ́ ni ààwẹ̀ àti àìsùn òru lórí òkè àdúrà fún ọmọ yìí. Àìsùn á mú àìsàn náà gbóná sí i, ìrírí òru á tún burú sí i, wọ́n á wá ní ogun náà le.

Wárápá ńkọ́? Mo lóye ìdí tí wọ́n fi rò bẹ́ẹ̀: ọmọ ń ṣubú. Àmọ́ ẹni tí wárápá gbé ṣubú kì í sábà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ara rẹ̀ á le gan, á máa gbọ̀n, ó lè bu ahọ́n jẹ, ó lè tọ̀ sára, orí rẹ̀ á sì dàrú fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ara ẹni tó ní cataplexy kò le, ńṣe ló rọ. Kò sì sọnù. Síbẹ̀, kí ẹ má ṣe dá oògùn wárápá náà dúró fúnra yín. Bí ènìyàn bá já a lójijì, gìrì gidi lè dé. Dókítà tó mọ̀ nípa ọpọlọ àti iṣan ló máa sọ bí ẹ ṣe máa dín in kù.

Ohun tí ẹ máa ṣe nísinsìnyí. Ìbàdàn lẹ wà, UCH kò jìnnà sí yín. Ẹ gba ìwé lọ bá àwọn dókítà ọpọlọ níbẹ̀. Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi fóònù ya fídíò rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rín bá mú un lórúnkún; fídíò ìṣẹ́jú àáyá 20 níyì lọ́wọ́ mi ju lẹ́tà dókítà mẹ́ta lọ. Ẹ mú ìwé kan, ẹ kọ aago tó sùn àti aago tó jí sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, oorun ọ̀sán pẹ̀lú. Ẹ kó gbogbo oògùn tó ń lò dání, títí kan Piriton tàbí oògùn ikọ́, torí púpọ̀ nínú wọn ló ń mú oorun wá. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá kò tó, kí wọ́n wo ẹ̀yà ọrùn tó ń jẹ́ thyroid, kí wọ́n sì béèrè bóyá ó ń han orun, torí ẹni tí èémí rẹ̀ ń dí lóru náà máa ń sùn lọ́sàn-án.

Àyẹ̀wò narcolepsy gan-an, òru kan àti ọ̀sán kan ló ń gbà. Wọ́n á so wáyà mọ́ ọn lórí àti láyà, á sùn mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á ní kó tún sùn ní ìgbà márùn-ún, wákàtí méjì-méjì láàárín wọn, ìṣẹ́jú 20 ni wọ́n á fún un nígbà kọ̀ọ̀kan. Tí a bá ro ìgbà márààrún pọ̀, tí a pín in dọ́gba, tó jẹ́ pé kì í ju ìṣẹ́jú 8 lọ kó tó sùn, tí oorun àlá sì dé kíákíá ní ẹ̀ẹ̀mejì ó kéré tán, ọ̀rọ̀ ti ń dójú ẹ̀. Yàrá àyẹ̀wò oorun kò pọ̀ ní Nàìjíríà, owó rẹ̀ kò sì kéré. Omi ọ̀pá ẹ̀yìn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, òkè òkun ni wọ́n ti sábà ń wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí èyí dáadáa: níbi tí cataplexy bá ti hàn gbangba, dókítà tó mọ̀ ọ́n lè fi ìtàn àti fídíò bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú nígbà tí ẹ̀ ń tu owó jọ. Ìdí nìyí tí mo fi ní gbólóhùn kékeré yín yẹn ni orí ọ̀rọ̀.

Ṣé ó máa lọ? Rárá, Ìyá wa, mi ò ní tàn yín. Sẹ́ẹ̀lì tó ti kú kò tíì sí ẹni tó lè jí i. Ó ṣeé kápá ṣá. Oògùn bíi modafinil àti methylphenidate máa ń la ojú lọ́sàn-án. Fún orúnkún, a máa ń lo ìwọ̀nba oògùn tí wọ́n ṣe fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, bíi venlafaxine tàbí fluoxetine. Ẹni tó bá ń lò wọ́n kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì, torí cataplexy lè padà wá rọ́jọ́ lé e lórí láti àárọ̀ dalẹ́. Pitolisant àti sodium oxybate wà lókè òkun. Tí ọmọ yín bá dàgbà tó lọ́kọ, kó mọ̀ pé modafinil máa ń ba agbára oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí jẹ́. Obì tí àwọn bàbá wa ń jẹ tí wọ́n bá fẹ́ ṣọ́ òde ní kaféènì nínú, ó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó èyí. Ìrètí gidi tí mo ní ni pé wọ́n ti ń ṣe oògùn tó ń ṣe bí orexin fúnra rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, oveporexton, èsì tó jáde ní ọdún 2025 lára àwọn tó ní irú kìíní dára gan-an. Ẹ rí i pé mímọ irú tó jẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán: ẹni tí orexin rẹ̀ ti tán ni wọ́n dìídì ṣe oògùn yẹn fún.

Kí oògùn tó dé, oorun ìṣẹ́jú 15 sí 20 lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, kì í ṣe ọ̀lẹ, ìtọ́jú ni. Ẹ lọ bá ọ̀gá ilé ìwé, kí ọmọ máa sùn ní yàrá ìtọ́jú nígbà ìsinmi, kó sì padà sí kíláàsì. Ẹ má jẹ́ kó máa gun ọ̀kadà nìkan, ẹ má jẹ́ kó máa dá nìkan dúró nídìí òróró gbígbóná tàbí kànga, kó má sì wa ọkọ̀ títí dókítà yóò fi sọ pé ó yá. Ní ti WAEC, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ilé ìwé sọ ọ́ láti ìsinsìnyí pẹ̀lú ìwé dókítà lọ́wọ́, ẹ má dúró di oṣù ìdánwò. Kó sùn ìṣẹ́jú 20 kó tó wọ gbọ̀ngàn, kó jókòó síwájú lẹ́bàá fèrèsé, kó sì jẹun níwọ̀n, torí ẹ̀bà tó pọ̀ ní ọ̀sán máa ń tètè fa oorun.

Ẹ padà kọ̀wé sí mi tí ẹ bá ti rí dókítà ọpọlọ, ẹ jẹ́ kí n mọ ohun tó sọ nípa oògùn wárápá yẹn, àti orúkọ oògùn náà.